David Cox tí sánmà rẹ̀ ti pọ́n: ṣé kí n pe owó lé e ní gbàǹjo?

AkójọTuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwòrán ọ̀dà-omi (watercolour) àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni mò ń kó jọ, láti ìgbà ayàwòrán Paul Sandby títí dé nǹkan bí ọdún 1860, mo sì máa ń tà nínú wọn láti fi ra òmíràn. Ọ̀kan wà nínú gbàǹjo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Sẹ́ńtímítà 24 sí 34 ni: pápá gbalasa, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan, atẹ́gùn ń tẹ koríko ba. Wọ́n kọ "David Cox 1842", orúkọ ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí, sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. £300 sí £500 ni wọ́n fojú bù ú sí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Ìwé gbàǹjo kọ "bears signature", kò kọ "signed". Àbàwọ́n tó-tò-tó aláwọ̀ búráùn wà lójú sánmà, sánmà ọ̀hún sì pọ́n. Wọ́n ti lẹ bébà rẹ̀ mọ́ páálí, ilà búráùn kan sì yí i ká níbi tí páálí ojú-fèrèsé (páálí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ kí àwòrán lè hàn) tó wà níwájú rẹ̀ parí sí.

Ṣé àwọn àbàwọ́n yìí ṣeé tún ṣe? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá Cox ló yà á? Tí mo bá rà á tí mo tún un ṣe, ṣé èrè á kù níbẹ̀ tí mo bá tún un tà?

BébàÒwú:

Ẹ káàbọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀kan péré ló bà mí lẹ́rù: sánmà tó pọ́n. Àwọn yòókù ní àtúnṣe, ìyẹn ò ní.

Tí ayàwòrán ìgbà náà bá fẹ́ àwọ̀ eérú fún ìkúukùu, aró ló sábà máa ń pò mọ́ ọ̀dà pupa tí wọ́n fi erùpẹ̀ ṣe. Ìpẹtà irin ló wà nínú erùpẹ̀ pupa yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò rí i gbé ṣe. Aró ni ìmọ́lẹ̀ ń jẹ. Bí àwòrán bá pẹ́ lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé, aró á máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí pupa nìkan á fi kù lójú sánmà, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà. Igi náà ń jìyà kan náà: ewé tí wọ́n fi aró àti ọ̀dà ìyeyè pò á di búráùn bí aró bá ti lọ. Ní 1888 ni Russell àti Abney, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, gbé ìròyìn wọn jáde lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ojú ọ̀dà-omi rí, aró sì wà lára àwọn ọ̀dà tí wọ́n rí i pé ó ń ṣá. Kò sí olùtọ́jú bébà (amòye tó ń tún àwòrán orí bébà ṣe) tó lè dá aró tó ti lọ padà. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é, ọ̀dà tuntun ló fẹ́ kùn lé e lórí, ìyẹn sì ti di iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ má fi fọ́tò ojú àwòrán nìkan ṣèdájọ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn onígbàǹjo pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú férémù, kí wọ́n gbé páálí ojú-fèrèsé sókè, kí wọ́n sì ya fọ́tò etí bébà níbi tí páálí bò, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Ilà yẹn lè má ju mílímítà 4 tàbí 5 lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọ̀ tí sánmà ní kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí etí yẹn bá rí bí àárín ṣe rí, ọkàn yín balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán fẹ́ ẹ. Bí etí bá dúdú bíi aró tí àárín sì pọ́n, ohun tó ti lọ pọ̀ ju ohun tó kù. Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: bí wọ́n bá ti pààrọ̀ páálí rí, ojú fèrèsé tuntun lè kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ilà tí ẹ máa rí lábẹ́ rẹ̀ á sì ti ṣá tẹ́lẹ̀. Etí pátápátá ni kí ẹ wò.

Ní ti tó-tò-tó búráùn: bíbu ló ń fà á, àti ẹ̀rún irin tó wọnú bébà nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Yàrá tí ọ̀rinrin ti pọ̀ ló ń jí i. Olùtọ́jú bébà lè fi omi àti bébà afami fà á jáde, tàbí kí ó tọ́jú ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má dán an wò nínú ilé. Gọ́ọ̀mù arábíìkì ló so ọ̀dà-omi mọ́ bébà, omi tó bá kàn án á tún tú u bó ti wù kó pẹ́ tó. Bílíìṣì inú ilé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú ibi tó kàn á funfun báláú, kò ní bá ara bébà tó kù mu, ohun tó ṣẹ́kù nínú bébà á sì máa jẹ òwú rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Mo ti rí sánmà tó dà bí awọ ẹkùn nítorí bílíìṣì.

Ilà búráùn tó yí i ká, ásíìdì inú páálí ló jó bébà. Páálí tí wọ́n fi igi ṣe ni, ojú ibi tí wọ́n gé sì ni ásíìdì rẹ̀ ti ń jáde. Fífọ̀ máa ń dín in kù, kì í sábà parẹ́ tán. Ìyókù lẹ lè fi páálí tuntun bò, kí ojú fèrèsé rẹ̀ fi mílímítà 3 kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ń tà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà pé ilà wà lábẹ́.

Lílẹ̀ mọ́ páálí náà kì í ṣe ikú. Lẹ́ẹ̀ sítáàsì tàbí lẹ́ẹ̀ awọ ẹran ni wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn, ọ̀rinrin tí amòye ń darí á tú méjèèjì. Èyí tí mo kórìíra ni ti ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí wọ́n fi ooru àti rọ́bà tẹ̀ mọ́ páálí, àti sẹ́lótéèpù.

AwòÌlọ́po10:

Ẹ̀gbọ́n BébàÒwú ti sọ ti ara àwòrán, ẹ jẹ́ kí n mú ti orúkọ.

Èdè ìwé gbàǹjo kì í ṣe èdè lásán. Tí wọ́n bá kọ "signed", wọ́n gbà pé ayàwòrán ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ. "Bears signature" túmọ̀ sí pé orúkọ wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò gbà pé òun ló kọ ọ́. "Attributed to": wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀. "Circle of": ẹnìkan tó sún mọ́ ọn, nígbà ayé rẹ̀. "Follower of": ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, tí kò pọn dandan kó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Manner of": ó jọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn ìgbà rẹ̀ ni wọ́n yà á. "After": wọ́n da iṣẹ́ rẹ̀ kan tí a mọ̀ kọ. Ilé gbàǹjo kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀ lẹ́yìn ìwé, ẹ kà á, torí òun ni ẹ̀rí yín bí ìjà bá dé. Nínú ọ̀ràn tiyín, àwọn fúnra wọn ti yọwọ́.

Cox ṣòro ju ọ̀pọ̀ lọ. Wọ́n bí i ní Birmingham ní 1783, ó kú ní 1859, olùkọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, pàápàá ní Hereford láti 1814 sí 1827. Ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nílé, àìmọye ọmọ ilé ọlọ́lá ló sì da àwòrán inú rẹ̀ kọ. Àwọn yẹn ò ní jìbìtì lọ́kàn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn ló ń fi orúkọ sí i kó lè tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tún wà, David Cox bíi ti bàbá rẹ̀ (1809 sí 1885), ọ̀dà-omi lòun náà ń yà. Nítorí náà, orúkọ náà lè jẹ́ òótọ́ kí ó má sì jẹ́ ti bàbá.

Ohun tí mo máa ń wò nìyí, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Àkọ́kọ́, ṣé àwòrán ọwọ́ ni rárá? Wọ́n ti ta àwòrán atẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kun ọ̀dà sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn bí ojúlówó. Nínú àkúàtíǹtì, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi àwo bàbà tẹ̀, ẹ máa rí ẹ̀rún kéékèèké tó so kọ́ra bí àwọ̀n káàkiri ojú sánmà, déédéé ni gbogbo rẹ̀, bí wọn ò bá sì tíì gé etí bébà, ẹ máa rí ibi tí àwo bàbà ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nínú àwòrán tí wọ́n fi òkúta tẹ̀, tóótòòtó àwọ̀ oríṣiríṣi á wà lórí ara wọn. Ọ̀dà tí ọwọ́ kùn kì í rí bẹ́ẹ̀: a máa rì sínú kòtò bébà, etí ibi tó gbẹ sí a máa dúdú ju àárín lọ, pẹ́ńsù a sì máa yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, orúkọ. Ẹ gbé awò lé ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí bébà ti bó tàbí tí ó ti há, ṣé yíǹkì fò ó kọjá, àbí ó ṣàn wọnú rẹ̀? Tí ó bá ṣàn wọnú ibi tó bó, a jẹ́ pé bébà ti bó kí orúkọ tó débẹ̀. Bákan náà, tí orúkọ bá dúdú ketekete nígbà tí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ti ṣá, ẹ béèrè bóyá àwọn méjèèjì jọ wà lára ògiri kan náà.

Lẹ́yìn orúkọ ni bébà. Láti 1836 ni Cox ti ń lo bébà tí àwọn ará Scotland fi ń di ẹrù: ó nípọn, ojú rẹ̀ ò dán, kì í funfun, ẹ̀rún èèpo sì máa ń hàn nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà bébà dídán kò sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ fún pápá àti ìjì ní 1842, inú mi á dùn tí mo bá rí i. Tí bébà bá ní àmì inú (watermark), ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ti Whatman, àwọn tó ń ṣe bébà ní Maidstone ní Kent, ni wọ́n máa ń bá pàdé jù, láti 1794 sì ni ọdún ti ń wà nínú àmì bébà wọn. Ọdún yẹn ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe bébà, kò sọ ìgbà tí wọ́n yà á. Bébà 1821 lè dúró de ayàwòrán títí di 1835. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni kí àmì sọ 1851 kí orúkọ sì sọ 1842. Tiyín wà lórí páálí, ẹ ò lè rí àmì rẹ̀ títí wọ́n á fi tú u.

Ọ̀dà funfun náà ń jẹ́rìí. Ní 1834 ni Winsor & Newton, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà, gbé funfun síǹkì jáde tí wọ́n pè ní Chinese White. Tí ẹ bá rí i nínú àwòrán tí wọ́n ní ayàwòrán Girtin ló yà, ẹni tó kú ní 1802, irọ́ ni tàbí wọ́n tún un kùn. Funfun òjé ni ti ìṣáájú, ìyẹn a sì máa di dúdú bí gáàsì sọ́fúrì inú afẹ́fẹ́ bá kàn án. Olùtọ́jú lè fi háídírójìn pẹrọ́síàìdì dá a padà sí funfun, ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Tí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ lọ wo ojúlówó. Mùsíọ́mù Birmingham ní iṣẹ́ Cox tó pọ̀. Ní British Museum, yàrá kan wà tí wọ́n ti lè gbé àwòrán síwájú yín lórí tábìlì, láìsí gíláàsì láàárín. Wákàtí kan níbẹ̀ wúlò ju fọ́tò ẹgbẹ̀rún lọ.

IyeÒòlù:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí.

Ká ní òòlù (iye tí wọ́n parí ìpè sí ní gbàǹjo) dúró lórí £300. Owó olùrà, èyí tí ilé gbàǹjo ń gbà lé e lọ́wọ́ ẹni tó rà, jẹ́ ìdá 25 nínú 100 ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ: £75. Owó-orí VAT ìdá 20 lórí £75 yẹn: £15. Ó di £390, kí ẹ tó san owó gbígbé e wá. Bí ẹ bá pe owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì tí ẹ bá gbà lè tún yọ tirẹ̀ lórí iye òòlù. Ká ní olùtọ́jú bébà gba £200 láti tú u kúrò lára páálí, fọ̀ ọ́, kó sì dín tó-tò-tó kù. £590 ti lọ.

Ẹ wá gbé e padà sí gbàǹjo, ó sì tà ní £600, ìlọ́po méjì iye tí ẹ rà á. Kọmíṣọ̀n olùtà ìdá 15: £90. VAT lórí ìyẹn: £18. £492 ló wọlé. Òòlù di ìlọ́po méjì, ẹ sì pàdánù £98. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé gbàǹjo dára fún rírà, kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún títà ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní gbàǹjo. Tààràtà sọ́wọ́ akójọwòrán ni kí ẹ tà á, tàbí fún oníṣòwò tó ń ta iṣẹ́ irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ gbàǹjo náà ni, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà-omi àti àwòrán pẹ́ńsù lọ́tọ̀, kí ó má lọ wà láàárín àga àti ṣíbí.

Bí ẹ bá ń tà gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, ohun tí ẹ kọ nípa àwòrán ló máa dè yín. Lábẹ́ òfin Consumer Rights ti 2015 ní Bìrìtéènì, ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ẹni tó bá sì rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Ẹ kọ ohun tí ojú rí: ìwọ̀n bébà, ohun tí wọ́n fi yà á, orúkọ tó wà níbẹ̀ àti ibi tó wà, gbogbo àbàwọ́n, gbogbo àtúnṣe. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Bébà tí oníférémù àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, àmì kékeré tí akójọwòrán kan tẹ̀ sí igun: ẹ má yọ ọ̀kankan dànù. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ férémù, kí wọ́n gé pátákó ẹ̀yìn níbi tí ìwé náà wà, kí ó máa bá àwòrán lọ.

Ní Bìrìtéènì, owó-orí èrè kì í kan ohun ìní ẹni tí a tà ní £6,000 tàbí kó dín. Ti oníṣòwò yàtọ̀, owó ọjà ni wọ́n á kà á sí. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Bìrìtéènì, iṣẹ́ tó lé ní ọdún 50 tí owó rẹ̀ sì kọjá ààlà tí ìjọba là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Arts Council England. Irú tiyín kò lè débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin yẹn ní eyín: àwòrán ọ̀dà-omi Turner tí wọ́n ń pè ní The Blue Rigi tà ní gbàǹjo ní 2006 fún £5.8 mílíọ̀nù, ìjọba dá a dúró kó má jáde, mùsíọ́mù Tate sì kó owó jọ, wọ́n rà á ní 2007.

AkójọTuntun:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á san yín lẹ́san. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Lábẹ́ páálí, etí òkè dúdú bíi aró ní nǹkan bíi mílímítà 5, ìyókù sánmà sì pọ́n. Wọ́n ya orúkọ náà ní ìsúnmọ́: yíǹkì búráùn ni, ẹsẹ̀ lẹ́tà "x" sì gbòòrò níbi tí bébà ti bó, bí ìgbà tí omi bá wọ aṣọ. Bébà rẹ̀ dán, kò ní ẹ̀rún kankan. Mo ṣì fẹ́ràn pápá yẹn. Ṣé kí n fi sílẹ̀ pátápátá?

AwòÌlọ́po10:

Ẹsẹ̀ "x" yẹn ti parí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ yọ Cox kúrò nínú ìṣirò yín, kí ẹ wá wo ohun tó kù: ilẹ̀ pápá ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ tó yà á mọ̀ ohun tó ń ṣe, àti sánmà tó ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún ara yín, £80 ni mo máa dúró sí, iye òòlù ni mò ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún títà, ẹ má pe owó lé e rárá. Ẹ tọ́jú owó náà de àwòrán tí kò lórúkọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì pé. Àwọn yẹn pọ̀ ní gbàǹjo ìgbèríko, àwọn èèyàn ń fojú fò wọ́n kọjá nítorí pé wọ́n ń wá orúkọ, ibẹ̀ sì ni ojú tó gbọ́n ti ń rí ọwọ́ àwọn ayàwòrán bíi Varley tàbí De Wint tí kò kọ orúkọ sílẹ̀. De Wint kì í sábà fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ayàwòrán ìgbà náà, Cotman ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ó máa ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àwòrán láti dà kọ, ó sì ń fi nọ́ńbà sí wọn, tí ìyàtọ̀ láàárín tirẹ̀ àti àdàkọ fi ń da àwọn amòye láàmú títí dòní.

PáálíFúnfun:

Mo kàn fẹ́ fi ti ìtọ́jú kún un, torí bí sánmà yẹn ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ bá rà lè lọ.

Páálí òwú pọ́nbélé ni kí ẹ lò, níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹ fi ìlẹ̀mọ́ kéékèèké méjì tí wọ́n gé lára bébà Japan so àwòrán mọ́ páálí ẹ̀yìn, ní etí òkè nìkan, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀ tí a fi sítáàsì àlìkámà sè. Ẹ má lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bébà ń fẹ̀, ó ń sún kì nígbà tí ọ̀rinrin bá yí padà, bí kò bá ráyè rìn á há tàbí kó ya. Ìlẹ̀mọ́ náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju bébà àwòrán lọ, pé tí nǹkan bá fà á, òun ni kó kọ́kọ́ já. Gíláàsì ò gbọ́dọ̀ kan ojú ọ̀dà.

Lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ 50 lux (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) ni àwọn mùsíọ́mù ń fún ọ̀dà-omi, wọ́n á sì gbé e wọlé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Gíláàsì tó ń dènà ìtànṣán UV ń ràn án lọ́wọ́, kò dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà ń jẹ aró. Èyí tí kò sí lára ògiri, inú àpótí Solander (àpótí onídèérí tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán bébà sí) ni kó sùn sí, ní pẹlẹbẹ, kí bébà tí kò ní ásíìdì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí ọ̀rinrin yàrá wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú 100.

Fún ìfiránṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ fi àwòrán pẹ̀lú páálí rẹ̀ sáàárín pátákó fúyẹ́ méjì tó fi sẹ́ńtímítà 5 tóbi jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀yìn férémù sínú àpò lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kí téèpù kankan sún mọ́ bébà. Tó bá pọn dandan kí gíláàsì bá a lọ, ẹ lẹ téèpù oníbébà ní ìbú àti òró lójú gíláàsì níta, kí ẹ̀rún má baà gé àwòrán bó bá fọ́.

AkójọTuntun:

Mo ti gbọ́. Mo máa pe £80 lé e fún ara mi, orúkọ Cox ò ní sí nínú ìwé tí mo bá kọ nípa rẹ̀. Pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwé oníférémù kan ní Hereford. Ṣé kí n tọ́jú ìyẹn náà?

IyeÒòlù:

Ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó tú férémù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, títí kan orúkọ òpópónà tó wà níbẹ̀. Ìwé ọdọọdún tó ń to orúkọ àwọn oníṣòwò ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn máa jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí oníférémù náà wà lójú òpópónà yẹn. Ó lè má sọ ẹni tó yà á, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ọdún tó ti pẹ́ tó nínú férémù ọ̀hún.